Àmì Aláwọ̀ Ewé Tí Chakirou Ṣe

Ìró àkọ́kọ́ tí Chakirou rántí láyé rẹ̀ ni ìró fóònù tí kò wọlé: tú, tú, tú, tú. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà náà. Mouniratou ìyá rẹ̀ á gbé e lé itan nínú kábììnì kan lẹ́bàá títì ní Gonzagueville, ní Abidjan, níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn pe òkèèrè, á ní kí oníkábììnì tẹ nọ́ńbà Èjìgbò lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Á gbé fóònù náà sí àárín etí tirẹ̀ àti etí ọmọ. Tú, tú, tú. Ìró náà gbẹ, ó sì dọ́gba, bí ẹni ń fi ìka kan ṣoṣo kan ilẹ̀kùn ilé tí àwọn onílé ti kó kúrò.

Bí wọ́n bá padà dé àgbàlá, Ìyá Àgbà á ti na ọrùn lórí àpótí tó jókòó lé.

"Ṣé wọ́n gbé e?"

"Wọ́n gbé e, Màmá. Gbogbo wọn ló kí yín. Àbúrò yín náà kí yín dáadáa, wọ́n ní ara àwọn le."

Ìyá Àgbà á wá yíjú sí ọmọ. "Ọkọ mi, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n kí mi?"

Chakirou á mi orí.

Kò sí ẹni tó lè pe ìyẹn ní irọ́ nínú àgbàlá náà. Ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n kà á sí. A kì í já ìròyìn burúkú lé àgbà lórí. Ẹni tí àìsàn dá wó, a ó ní ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Ẹni tó ti kú, a ó ní ó ń béèrè yín nílé, kí ẹ múra kí ẹ máa bọ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá le, a ó fi omi sí i títí á fi ṣeé mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò Ìyá Àgbà kú ní Èjìgbò, oṣù mẹ́ta gbáko ni òkú fi ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Abidjan kí ẹnì kan tó ti ọ̀hún dé tó sọ bó ṣe rí. Ìyá Àgbà kò sunkún lọ́jọ́ náà, kò sì wo Mouniratou. Ọmọ tó máa ń mi orí ló wò. Ó wò ó pẹ́, ó sì gbé ojú kúrò. Chakirou kò gbàgbé ojú yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìyá Àgbà ti lọ láti ìgbà pípẹ́.

Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Àgbàlá Gonzagueville náà ló ṣì ń gbé, ó ń wọ gbaka méjì, ọkọ̀ akérò kékeré, láàárọ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Cocody, níbi tí òun àti èèyàn márùn-ún mìíràn ti ń kọ àwọn ohun tí èèyàn ń tẹ̀ lójú fóònù. Ange ni ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè, tí kì í sì í tún ọ̀rọ̀ sọ. Hamed ló jókòó sí ọ̀tún Chakirou. Iṣẹ́ ti Hamed ni serveur, ẹ̀rọ tó wà níbì kan lọ́nà jíjìn tó ń gba ohun tí fóònù bá fi ránṣẹ́, tó sì ń tọ́jú rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí kan, ti aládàáni, gbé iṣẹ́ fún wọn. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọbìnrin ń tò sójú oòrùn láti fi ìwé sílẹ̀ fún concours, ìdánwò àbáwọlé wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ náà fẹ́ kí ó di ohun tí wọ́n á máa fi fóònù ṣe: kọ orúkọ rẹ, ya fọ́tò extrait rẹ, ìwé ẹ̀rí ìbí, tẹ bọ́tìnnì, ó parí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni pé Hamed á kọ́kọ́ kọ ìwé àdéhùn kan: ohun tí fóònù lè béèrè, àti ohun tí serveur lè fi dáhùn. Ẹ̀rọ kan wà tó ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, tó sì ń fúnra rẹ̀ kọ gbogbo kóòdù tí fóònù á fi máa bá serveur sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ̀rún ìlà lójú ìṣẹ́jú. Chakirou fẹ́ràn láti máa wò ó bó ṣe ń tú jáde. Ẹ̀rọ náà kì í ṣìṣe. Ohun tó bá wà nínú ìwé ló ń kọ. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, kò mọ̀ ọ́n rí.

Nọ́ńbà olójú mẹ́ta ni serveur fi ń dáhùn. Èyí tó bá fi méjì bẹ̀rẹ̀, ó ti gbà. Èyí tó bá fi márùn-ún bẹ̀rẹ̀, serveur fúnra rẹ̀ ni ara rẹ̀ kò yá, kí o padà wá bó bá ṣe díẹ̀. Èyí tó bá fi mẹ́rin bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ni àléébù wà, nǹkan kan nínú ohun tí o gbé wá ni kò dára. Bí o bá padà wá nígbà ẹgbẹ̀rún láì tún un ṣe, ìdáhùn kan náà ni. Gbogbo wọn ló mọ èyí. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àdéhùn Hamed, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: 201, ó ti gbà. Hamed ní òun á kọ ìyókù tó bá yá. Nítorí náà, nọ́ńbà yòówù tó bá yàtọ̀ sí 201, tàbí bí ìdáhùn kankan kò bá dé, kóòdù tí ẹ̀rọ kọ á rí i bí àjèjì, á pariwo, ohun tó wà lójú fóònù á sì pa dé lójijì.

Ó pa dé lójijì lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi han olùdarí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Réseau, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, kò dára nínú yàrá ìpàdé. Chakirou tẹ bọ́tìnnì, ojú fóònù sì ṣú. Olùdarí rẹ́rìn-ín músẹ́. Ange kò rẹ́rìn-ín. Nínú taxi ló ti sọ ọ́ ní faransé, ó ń wo ìta: "Chakirou, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ìyẹn mọ́. Jamais."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Chakirou kọ ìlà méjìlá. Ohun tó kọ ni pé ohunkóhun tí serveur bá sọ, bí kì í bá ti ṣe 201, kí fóònù fi ìwé náà pamọ́ sínú, kí ó máa tún un fi ránṣẹ́ ní wákàtí wákàtí, kí ó sì fi àmì aláwọ̀ ewé han ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́: *Dossier bien reçu*, a ti gba ìwé rẹ. Réseau nìkan ló ń rò. Réseau á padà dé, ìwé á lọ, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé ó falẹ̀ rí. Kí ni èrè kéèyàn dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ? Lókè ìlà náà ó kọ sílẹ̀ fún ara rẹ̀: *à revoir*, a ó tún un wò. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ mìíràn dé.

Màmá Roxy ni ẹ̀gbọ́n ìyá Chakirou. Tinúọlá lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé ọjà Roxy ní Adjamé ló ti ń ta ike, kò sí ọmọ tó ń pè é ní nǹkan mìíràn. Yàrá rẹ̀ ló kọjú sí ti Chakirou nínú àgbàlá. Ràyhánà ọmọ rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́tàlélógún, ó sì ti ń tọ́jú aboyún kiri àdúgbò láìgba ìwé ẹ̀rí: ó ń bá wọn lọ sí dispensaire, ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò, ó ń bá wọn fọ aṣọ ọmọ, ó mọ ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan á bí. Ilé-ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí yìí kì í gba ẹni tó bá ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún. Fún Ràyhánà, concours ọdún yìí ni ìkẹyìn.

Ní ọjọ́ Sunday kan, Màmá Roxy ní kí ó wọ gbaka lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. "Lọ tò. Fi ìwé lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ fún ọ. Èmi ò gbọ́ fóònù."

"Màmá Roxy, ẹ má dá a láàmú," Chakirou ní. "Ẹni tó ṣe é ló jókòó síwájú yín yìí."

"Ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni."

"Bọ̀ọ̀dá Chakirou tí kò lè se ẹyin kó má fọ́," Ràyhánà ní, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

"Máa wí. Gbé extrait rẹ wá."

Gíláàsì kámẹ́rà fóònù Ràyhánà ti là, nítorí náà Chakirou lo tirẹ̀. Kò sí fóònù tó dára tó o nínú àgbàlá. Ó tẹ́ extrait náà sórí àga, ó yà á. Fọ́tò náà mọ́ débi pé èèyàn lè rí ojú òwú bébà àti ibi tí yíǹkì òǹtẹ̀ ti ṣàn. Ràyhánà kọ orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tó ku bọ́tìnnì, Chakirou na fóònù sí i. "Ìwọ ni kí o tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ agbẹ̀bí ni kó tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Àmì aláwọ̀ ewé yọ. Ràyhánà fò sókè.

"Bébà rẹ̀ dà?" ni Màmá Roxy béèrè.

"Àmì yìí ni bébà rẹ̀, Màmá."

"Ohun tí mi ò lè dì sí etí aṣọ, mi ò mọ̀ ọ́n ní ìwé." Ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ lé orí Chakirou. "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á gbè ọ́. Á gbe gbogbo wa."

Chakirou ṣe àmín.

Ọjọ́ Tuesday, ọ̀sẹ̀ kejì tó tẹ̀lé e, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó máa ṣe concours mọ́ ògiri ilé-ẹ̀kọ́. Ràyhánà lọ wò ó. Nígbà tí Chakirou dé láti ibi iṣẹ́, ó bá a lórí ìjókòó níta, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá Roxy kò tíì tú ìborùn ọjà.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á láti òkè délẹ̀," Ràyhánà ní. "Mi ò sí níbẹ̀."

"Kí lo tẹ̀?" Màmá Roxy ní. "Mo ní kí lo tẹ̀ lọ́jọ́ náà? Ọwọ́ ta ló tẹ̀ ẹ́?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Mo ní kó lọ tò! Mo sọ, àbí mi ò sọ? Ara ń kán an. Ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ ro ó. Ọmọ tó fẹ́ gbẹ̀bí, bọ́tìnnì kan kò ṣeé tẹ̀!"

"Bóyá mi ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa," Ràyhánà ní. Ohùn rẹ̀ kéré gan-an. Ó wo Chakirou. "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ó lè jẹ́ pé mi ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa?"

Láti ìgbà tó ti gbọ́ "mi ò sí níbẹ̀" ni ìlà méjìlá náà ti là níwájú Chakirou. Ó rí i kedere, títí kan *à revoir* tó wà lókè rẹ̀. Kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

"Ó lè jẹ́ réseau," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n wò ó lọ́la."

Màmá Roxy kò tíì dákẹ́. Ó ní bàbá Ràyhánà náà kì í farabalẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ ni. Ó bu attiéké àti ẹja fún Chakirou bó ṣe ń bá ọmọ rẹ̀ wí, nítorí pé ọmọ tó ti ibi iṣẹ́ dé gbọ́dọ̀ jẹun. Chakirou jókòó, ó jẹ ẹ́. Ràyhánà wọlé lọ, kò bu tirẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti tú síta, ìyẹn ló ń dùn ún ju ohun gbogbo lọ: pé ó jẹ oúnjẹ náà tán, tó sì dúpẹ́.

Ní Wednesday, ó débi iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Fóònù tirẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́, nítorí náà inú fóònù tirẹ̀ ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà. Ó ṣí i. Ìlà lórí ìlà, wákàtí lórí wákàtí, láti ọjọ́ Sunday yẹn: 413. 413. 413. Ẹrù yìí ti wúwo jù, mi ò lè gbé e. Serveur kì í gba fọ́tò tó bá ju ìwọ̀n kan lọ, fọ́tò ńlá tí Chakirou yà sì fi ìlọ́po méjì jù ú. Ká ní ó rí i lọ́jọ́ náà, ìṣẹ́jú kan ni: kó tún un yà kékeré. Yàtọ̀ sí àwọn wákàtí tí fóònù wà ní pípa, ìgbà 361 ni serveur ti sọ ọ́ fún un, láìbínú, ní ọ̀rọ̀ kan náà. Bó ṣe ń wò ó ni aago mẹ́sàn-án lù, ìlà mìíràn sì bọ́ sábẹ́ àwọn tó kù: 413.

Nígbà tí Hamed dé, wọ́n jọ wo àkọsílẹ̀ serveur. Ọmọbìnrin mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló lo fóònù tó dára. Àwọn tí fóònù wọn kò níláárí, tí fọ́tò wọn ṣú, ìyẹn wọlé wẹ́rẹ́.

"Mon vieux," Hamed ní, "a ti wọ̀ ọ́."

"O ò kọ 413 sínú ìwé àdéhùn."

"Mi ò kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn pariwo. Ó pariwo dáadáa, kóòdù yẹn ò mọ irọ́ pa. Ta ló di ẹnu ẹ̀? Ta ló fi ewé bò ó?"

 Chakirou dìde, ó lọ bá Ange.

Ange gbọ́ ọ tán kó tó fèsì. "Ká sọ pé réseau ni," ó ní. "Ẹni mẹ́tàlélógún nínú ẹgbẹ̀ta. Ta ló máa mọ ìyàtọ̀?"

"Kì í ṣe réseau."

"Mo gbọ́. Mo ní ta ló máa mọ̀?"

"Ọ̀kan nínú wọn wà nílé wa, Madame. Wọ́n bá a wí lánàá nítorí mi. Mo jókòó níbẹ̀."

 Ange gbé fóònù, ó pe akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ náà níwájú rẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀, ó ní: "Wọ́n lè fi àga kún un. Wọ́n fẹ́ lẹ́tà tí orúkọ gbogbo wọn wà nínú ẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, àti ẹni tó ṣe é. Kó tó di ọ̀sán gangan ọjọ́ Friday. Ìwọ ni o máa kọ ọ́. Ìwọ ni o máa bọwọ́ lù ú, èmi á bọwọ́ lù ú tẹ̀lé e. A jọ máa lọ jókòó níwájú olùdarí wọn ni, kí ojú jọ tì wá."

Ó kọ lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ní àkọ́kọ́, ó kọ pé àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀, bíi pé òjò ló rọ̀. Ó pa á rẹ́. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó kọ pé système náà kò gba fọ́tò wọn. Ìyẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ìtọ́wò rẹ̀. Ó jọ "wọ́n ní ara àwọn le". Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó kọ ọ́ bó ṣe rí: *Serveur kọ ìwé wọn, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Èmi ni mo kọ kóòdù tó fi ìdáhùn náà pamọ́, tó sì sọ fún wọn pé ó ti gbà.* Ó bọwọ́ lù ú.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó dúró kí Màmá Roxy tú ìborùn ọjà tán. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn àgbàlá náà.

"Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá. Ràyhánà tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi omi sí i. Nígbà tó dé ibi iye ìgbà tí serveur ti kọ̀, Màmá Roxy dá a dúró.

"Dúró ná. Ìgbà mélòó?"

"Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún, Màmá."

"Ọ̀ọ́dúnrún ìgbà ni wọ́n sọ pé ẹrù ọmọ mi wúwo jù, kó sọ díẹ̀ kalẹ̀, o ò sì sọ fún un?"

"Fóònù ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Èmi ni mo kọ́ fóònù pé kó má sọ."

"Kí lo wá kọ́ ọ pé kó sọ dípò ẹ̀?"

"Pé ó ti gbà."

Màmá Roxy jókòó sórí àpótí. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún Chakirou. "Mo fi ẹ̀jẹ̀ bàbá ẹ̀ bú u," ó ní. "Lójú ẹ. O ń jẹun."

Ràyhánà ti dúró sí ẹnu ọ̀nà láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè.

"Nígbà tí mo bi ọ́ lánàá bóyá mi ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ṣé o ti mọ̀?"

Ìdáhùn tó rọrùn wà níbẹ̀, òótọ́ sì ni pẹ̀lú: kò tíì mọ̀. Chakirou rí i, ó sì fi í sílẹ̀.

"Mo ti fura," ó ní.

Ràyhánà wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Ní Thursday, Chakirou kò kọ kóòdù kankan títí di ọ̀sán. Ó ń pe àwọn ọmọbìnrin náà. Méjìlélógún, yàtọ̀ sí Ràyhánà. Òmíràn bú u. Òmíràn sunkún ayọ̀, ìyẹn sì burú ju èébú lọ. Ọ̀kan ní Bouaké ní òun ti ta àwọn ìwé tí òun fi ń kàwé. Bàbá ọmọ kan gba fóònù, ó ní, "Ọmọkùnrin, ṣé ìwọ la ó wá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí?" Chakirou ní rárá, bàbá. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, mọ́kànlélógún ti gbọ́. Ọ̀kan ló kù, Azizatou, tó kọ Abobo sí ibi tí wọ́n ti béèrè àdúgbò. Nọ́ńbà rẹ̀ kò wọlé. Ó fi í sí etí lẹ́ẹ̀mẹsàn-án: tú, tú, tú, tú.

Láàárọ̀ Friday, òun àti Hamed kọ ìyókù àwọn nọ́ńbà sínú ìwé àdéhùn, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tún kóòdù náà kọ. Chakirou yọ ìlà méjìlá náà kúrò. Ó kọ òmíràn sí i: bí serveur bá ní kí wọ́n padà wá, kí fóònù sọ pé ìwé náà kò tíì lọ, ó ń gbìyànjú; ṣùgbọ́n bí serveur bá kọ̀ ọ́, kí àmì pupa yọ, kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e sọ ohun tí ẹni náà máa ṣe. Fún 413, ó kọ ọ́: *Fọ́tò yìí ti tóbi jù. A kò tíì gba ìwé rẹ. Tún un yà.* Ange wo àmì pupa náà lójú fóònù, ó sì dá fóònù náà padà fún un.

Aago mọ́kànlá, wọ́n jókòó níwájú olùdarí ilé-ẹ̀kọ́. Obìnrin náà ka lẹ́tà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi ìka tẹ̀lé orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun á fi àga mẹ́tàlélógún kún ti concours ọ̀la. Ó wá gbé ojú sókè.

"Gbogbo wọn ti gbọ́?"

Ange ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Orí Chakirou ti fẹ́ mì. Ó mọ̀ ọ́n lára: iṣan ọrùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, bí ti ọmọ ọdún márùn-ún níwájú àpótí Ìyá Àgbà. Ó dá a dúró.

"Rárá, Madame. Ọ̀kan kò gbọ́. Azizatou lorúkọ rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ kò wọlé."

Olùdarí fi bírò fa ìlà sábẹ́ orúkọ náà. "Àga rẹ̀ á wà níbẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n àga kì í pe èèyàn."

Láàárọ̀ Saturday, Ràyhánà àti Màmá Roxy jáde ní kùtùkùtù. Chakirou ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Màmá Roxy dáhùn kíkí rẹ̀, ó sì kọjá. Ràyhánà dúró díẹ̀, ó ń yẹ àpò rẹ̀ wò: bírò méjì, káàdì ìdánimọ̀, extrait. Kò wò ó.

"Èmi ló kàn láti gbálẹ̀ lónìí," ó ní, bí ẹni ń bá àpò sọ̀rọ̀, ó sì tẹ̀lé ìyá rẹ̀.

Ìgbálẹ̀ wà níbi tó máa ń wà, lẹ́yìn àgbá omi. Chakirou mú un. Láti ẹnu ọ̀nà Màmá Roxy ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ sí ìhà ẹnubodè. Ìyàwó alágbàṣe tó ń gbé yàrá ìkẹyìn yọjú, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ wá wò ó! Ọkùnrin kọ̀ǹpútà ń gbálẹ̀! Chakirou, ṣé ìyàwó ti lé ọ ni, ìwọ tí o ò tíì fẹ́?"

"Ẹ káàárọ̀, Tantie."

"Gbá abẹ́ àga yẹn náà o. Ràyhánà kì í fi í sílẹ̀." Obìnrin náà gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó sì lọ ra búrẹ́dì.

Ó ku òun nìkan. Ó gbá abẹ́ àga. Iyanrìn tí atẹ́gùn òkun ń kó wọlé lóru ti bo ibi gbogbo, ó sì gbọ́dọ̀ rọra fi orí ìgbálẹ̀ ya á sọ́tọ̀ kúrò lára ìdọ̀tí: ọ̀rá attiéké, egungun ẹja, ìdérí ike. Ní ìdajì àgbàlá, ó dúró, ó mú fóònù jáde, ó tẹ nọ́ńbà Abobo náà. Tú, tú, tú, tú. Ó gbọ́ ọ títí ó fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Concours á bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ. Ó ku ìṣẹ́jú méjìlá.

Ó fi fóònù sápò. Ó gbá ìdajì tó kù dé ẹnubodè, ó kó ìdọ̀tí náà sínú agolo, ó gbé e lọ dà sí ibi ìdàlẹ̀sí ní ìkángun títì. Nígbà tó padà dé, ó rí i pé òun ti gbàgbé igun tó wà lẹ́yìn àgbá omi. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó gbá a mọ́, ó gbọn iyanrìn kúrò lára ìgbálẹ̀, ó sì dá a padà síbi tó wà.